Afẹ́fẹ́ Tí Mo Tú Dànù

Níbi ìsìn ìdágbére ìyàwó mi, ọmọ wa obìnrin dìde níwájú ìjọ, ó sọ ìtàn bí ìyá rẹ̀ ṣe fi iṣu ra afẹ́fẹ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní nígbà tí òun ṣì wà nínú oyún, ìyá òun ló ní kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ dànù lójú ọ̀nà oko, nítorí kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa gbọn òun. Pé ìyá òun kan náà ló sì kó ogún iṣu fún ìyàwó fọkanáísà kí wọ́n tó rí afẹ́fẹ́ mìíràn fi sí i. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo jókòó níwájú, mo di ọwọ́ mọ́ géèjì kékeré kan nínú àpò agbádá mi. Mi ò rẹ́rìn-ín, àwọn tó sì rí mi rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Ọ̀fọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi kò tú afẹ́fẹ́ kankan dànù. Èmi ni. Ó lé ní ogójì ọdún tí ó fi bá mi ru ẹrù yìí, ó sì rù ú wọ ilẹ̀. Mo fẹ́ gbà á padà.

Ní ìparí ọdún 1980, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Ọ̀wọ̀, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi jẹ́ tíṣà ní Arimogija. Ọ́fíìsì tèmi gan-an ló fi í ránṣẹ́ síbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo lo ipò mi láti fa ìyàwó mi wá sí ìtòsí. Ó gba yàrá kan nílé àgbẹ̀ àgbàlagbà kan níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wọkọ̀ wá bá mi, ọjọ́ Àìkú ló máa ń padà. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára kí èyí tó dé. Èyí ti wọ oṣù kẹjọ. Dókítà ní Ọ̀wọ̀ ti sọ pé kó wá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ á fi pé, ṣùgbọ́n ó ní òun á kọ́kọ́ parí ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì òun. Mo sọ̀rọ̀, mo bínú, kò gbọ́. Ohun tí àwa méjèèjì mọ̀, tí a kò sọ síta, ni pé bí èyí náà bá lọ, a ò tún ní lè gbìyànjú mọ́.

Mo ní ọkọ̀ ìjàpá kan, àlòkù. Ẹni tó bá ti wa ìjàpá rí mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Nítorí náà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn kì í gba afẹ́fẹ́ bákan náà. Ìwé kékeré tó bá ọkọ̀ náà wá sọ ọ́ kedere: bí ènìyàn kan tàbí méjì bá wà nínú rẹ̀, mẹ́rìndínlógún níwájú, mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn, bí ẹrù bá kún un, méjìdínlógún níwájú, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn. Ìyàwó mi ló ka ìwé yẹn, kì í ṣe èmi. Ìṣirò ló fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ, kò sì gbà kí ohun tó ṣeé kà wà láìní òǹkà. Òun ló ra géèjì náà fún mi, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò. Bí a bá tẹ orí rẹ̀ mọ́ ẹnu táyà, igi funfun kékeré kan á yọ jáde ní ìdí rẹ̀, òǹkà á sì wà lára igi náà. Bí mo bá ti ń palẹ̀mọ́ ìrìn àjò, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́: "Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?"

Ní ọjọ́ Ẹtì kan tí ọyẹ́ mú gan-an, kò wá. Awakọ̀ kan tó ń ti ọ̀hún bọ̀ ló mú ìwé pélébé kan wá fún mi láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú kékeré tí wọ́n ní níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ ìyàwó mi wú, pé ẹ̀yìn ń ro ó, pé kí n wá gbé e lọ́la, kí n má sì jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fàlà sí abẹ́ gbólóhùn kan: kí ọkọ̀ má gbọ̀n ọ́n.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ fọkanáísà tí mo máa ń lò. Ó bi mí pé ọ̀nà wo ni mò ń lọ. Mo ní Arimogija. Kò bi mí ní ìbéèrè kejì. Ó fa rọ́bà rẹ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kan lẹ́yìn èkejì, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pé ọgbọ̀n.

Mo ní, "Ó ti pọ̀ jù. Iwájú kì í gba ọgbọ̀n."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń lọ sọ́hùn-ún, àbọ̀ rẹ̀ là ń wọn táyà dè. Iṣu ń dúró dè yín."

"Aboyún ni mo fẹ́ lọ gbé."

"Aboyún náà á gbé iṣu dání."

Ó fi irin lu táyà, ó tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Táyà tó bá le báyìí, ìṣó pàápàá á bẹ̀ ẹ́."

Kò purọ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣu. Lágbègbè wa, kò sẹ́ni tó ń lọ sí ìlú àgbẹ̀ lásìkò ìkórè tí ọkọ̀ rẹ̀ ń padà lófìfo. Àbùkù ló jẹ́ fún ẹni tó gbà á lálejò. Gbogbo àwọn fọkanáísà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ de ẹrù tí kò tíì dé. Ojú ń kán mi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí ọ̀dà parí sí, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ti tẹ ọ̀nà náà títí ó fi rí bíi páànù òrùlé, gbágungbàgun. Táyà tó le bí òkúta kò gbé ọkọ̀ rìn lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń jù ú sókè. Eyín mi ń lu ara wọn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀, ńṣe ni mò ń fojú inú rí ìyàwó mi lórí àga ẹ̀yìn. N kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òkúta mímú kan la táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Mo fi sípíà rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, n kò ní sípíà mọ́.

Nígbà tí mo dé, ó jókòó lórí àga níwájú ilé, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ojú rẹ̀ ti funfun. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Ó ní, "Ọ̀gá, jẹ́jẹ́ ni o. Mi ò fẹ́ kí omi oyún ya lójú ọ̀nà. Ọmọ yìí kéré."

Mo ní, "Ọ̀nà yẹn kò mọ jẹ́jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ yín."

Mo lọ lóṣòó sídìí ọkọ̀. Mo yọ géèjì. Mo tú tẹ̀yìn sílẹ̀ dé mẹ́rìnlélógún, mo tú tiwájú dé mẹ́rìndínlógún, bí ìwé ṣe wí. Mo dìde, mo fi gbogbo ara tẹ iwájú ọkọ̀. Ó ṣì le lójú mi. Mo rántí ìlà tí nọ́ọ̀sì fà sábẹ́ gbólóhùn rẹ̀. Táyà tó bá rọ̀ á máa gbé òkúta mì. Èyí tó le á máa fi í sọ̀kò sí aláboyún. Mo tún lóṣòó. Afẹ́fẹ́ ń jáde, ṣìì, ó tutù sí àtàǹpàkò mi. Mẹ́rìnlá. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Méjìlá.

Mo ní ìdí tó dà bí ọgbọ́n nígbà yẹn. Lórí ilẹ̀ pupa, a ò lè sáré, táyà tó rọ̀ kò ní ṣe wá ní nǹkan kan. Tí a bá ti jáde sórí ọ̀dà, fọkanáísà kan wà ní Elegbeka tí mo mọ̀. Á dá a padà sí ipò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí ọ̀dà, ìrìn gbọ́dọ̀ yá, táyà tó rọ̀ a sì máa gbóná títí á fi bẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kó mọ ohun tí mo ṣe.

Ó gbé ohùn sókè láti orí àga. "Mélòó ló wà níwájú?"

Mo ní, "Mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n."

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

A ti máa ń jà, a ti máa ń bá ara wa yan odì. Ṣùgbọ́n n kò tíì fi òǹkà purọ́ fún un rí.

Mo wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀. Àpótí kan, ìwé àwọn ọmọ tí kò tíì yẹ̀ wò, ìrọ̀rí méjì. Nígbà tí mo jáde, Bàbá onílé ti ṣí iwájú ọkọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń to iṣu síbẹ̀, ńlá ńlá, èyí tó jẹ́ pé a kì í mú un lọ sọ́jà, tí wọ́n fi okùn ọ̀pọ̀tọ́ dì ní méjì méjì bó ṣe jẹ́ àṣà rẹ̀. Ó ti to ogún. Mo wo táyà iwájú. Ó ti tẹ́ sílẹ̀, ó yọ ikùn sí ẹ̀gbẹ́.

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Èdè ìlú rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ níbí ní Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Ó ní, "Àna, kò pọ̀ o. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín ní Ọ̀wọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi kò fi ebi lọ bímọ."

Àna ló ń pè mí, nítorí ó ti sọ ìyàwó mi di ọmọ. Ìyá ìyàwó mi ti kú, bàbá rẹ̀ jìnnà, àgbàlagbà yìí ló ń ké láti ẹ̀yìn ògiri yàrá rẹ̀ lálaalẹ́ pé, "Tíṣà, ṣé o ti jẹun?" Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó kó iṣu rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Àti pé bí mo bá sọ ọ́, ìyàwó mi á bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Òǹkà yẹn á sì tú síta.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

A gbé e dùbúlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, ìrọ̀rí kan lábẹ́ orí, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀. A gbéra. Ọ̀nà tó gbọ̀n mí dé ìdí eyín ní òwúrọ̀ ti wá dà bí ẹní. Ọkọ̀ ń rọra mì, bí ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn bíi máìlì méjì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọkọ̀ yín rọ̀ lónìí o."

"Mo rọra ń wà á ni."

"Ẹ kú iṣẹ́." Ó sì sùn.

Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé inú mi dùn gan-an, nítorí ìdùnnú yẹn ń tì mí lójú ju irọ́ náà lọ.

Kí a tó jáde sórí ọ̀dà, ó jí. Kò ké. Mo kàn rí i nínú dígí pé ó ti di okùn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó wo aago. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún di okùn mú, ó tún wo aago.

Mo ní, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ẹ máa wà á."

A bọ́ sórí ọ̀dà. Mo tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Lójú kan náà ni sítíárìn wúwo lọ́wọ́ mi, imú ọkọ̀ ń fà sọ́tùn-ún, ó ń fà sósì, bí ewúrẹ́ tí wọ́n fi okùn fà. Òórùn rọ́bà tó ń gbóná wọlé. Mo dín eré kù. Mo rọra fà á dé Elegbeka, mo ń wo ibi tí wọ́n fi táyà ògbólógbòó kọ́ sórí òpó níwájú àtíbàbà fọkanáísà.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi páànù ṣe wà ní títì. Ìyàwó fọkanáísà jókòó sábẹ́ àtíbàbà, obìnrin gbẹ̀ǹdẹ́kẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá dà?"

"Ó lọ sìnkú ní Idogun. Ọ̀la ló ń bọ̀."

"Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó tì í mọ́lé. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, àpò wà lọ́rùn rẹ̀, ọrùn rẹ̀ wà ní Idogun."

Mo dúró síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Láti inú ọkọ̀, ìyàwó mi pè mí. Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ ń wá lọ́dọ̀ fọkanáísà?"

"Mo kàn fẹ́ kó wo táyà ni."

"Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má ti igi rẹ̀ wọlé, ẹ gbé e wá fún mi bẹ́ẹ̀."

Mo wọn tápá ọ̀tún níwájú, mo gbé géèjì náà lé e lọ́wọ́. Mẹ́tàlá. Táyà sì ti gbóná. Bó bá tutù, kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló tú u?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo?"

"Ní Arimogija."

"Kí n tó bi yín, àbí lẹ́yìn tí mo bi yín?"

"Kí o tó bi mí."

Inú tún ro ó, ó di okùn mú, ó pa ojú dé, ó wo aago. Nígbà tó lanu, ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá pọ́ńpù."

Ìyàwó fọkanáísà ti gbọ́. Ó ti sún mọ́ wa, ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Pọ́ńpù ọlọ́wọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé tó ń lò kó tó ra ẹ̀rọ. Ó le bí ọkàn ìyá ọkọ." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ tú afẹ́fẹ́ dànù nínú oko, ẹ wá ń tọrọ rẹ̀ lójú títì. Ṣé wọ́n ní ó ti wọ́n ni?"

Ó lọ gbé e wá. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà pọ́ńpù náà ti là ní ibì kan. Bí ènìyàn bá dúró mí, afẹ́fẹ́ tó ti wọlé á máa jò padà. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ogójì ìgbà kí mẹ́tàlá tó di mẹ́rìnlá. Táyà kan nìyẹn. Èkejì ń dúró. Òógùn wọ ojú mi. Ìyàwó mi tún di okùn mú.

Mo ní, "Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Màá rọra wà á."

Ó dáhùn láìgbé orí sókè. "Bí ẹ bá rọra wà á, inú ọkọ̀ ni màá bí i sí. Bí ẹ bá sáré, táyà á bẹ́. Èwo lẹ fẹ́?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú mi.

Ó ní, "Mélòó ni ìwé sọ?"

"Méjìdínlógún."

"Ẹrù ló ń béèrè méjìdínlógún. Bí kò bá sí ẹrù, mẹ́rìndínlógún ló fẹ́. Ẹ kó iṣu sọ̀kalẹ̀."

"Iṣu Bàbá?"

"Iṣu Bàbá."

"Kí ni màá sọ fún un?"

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ."

Mo dúró, ọwọ́ mi wà lórí ìdérí iwájú ọkọ̀. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó. Ó lè má tó ìṣẹ́jú kan. Mò ń ro ojú àgbàlagbà kan. Ìyàwó mi àti ọmọ mi wà nínú ọkọ̀, mo sì dúró lójú títì tí mò ń ro ojú àgbàlagbà kan.

Ìyàwó fọkanáísà pariwo mọ́ mi. "Bàbá ọmọ, kí lẹ ń wò? Ṣé iṣu ló lóyún ni?"

Mo ṣí i. Mo ń kó iṣu sílẹ̀, ó ń kó o kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí mo kó èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀, iwájú ọkọ̀ gbéra díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Mo na ọwọ́ sí pọ́ńpù, obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó so ìró mọ́ àyà, ó ya ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gún iyán fún àlejò ogún, kò dúró mí rárá. Mo fi àtàǹpàkò dí ibi tí rọ́bà ti là. Ìyàwó mi ń ka iye ìgbà láti inú ọkọ̀. Bí mo bá wọ̀n ọ́n, mo ń gbé géèjì lọ fún un. Kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi mọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rìndínlógún. A bọ́ sí apá òsì. Mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan."

Ìyàwó fọkanáísà wo inú ọkọ̀, ó wò mí. Ó ní, "Mo ti bí mẹ́fà. Ẹ yára."

Nígbà tí ó pé, ó ní kí n tún wọn tọ̀tún. Mo tún un wọ̀n. Kò yingin. Ó di géèjì náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi orí lé ìrọ̀rí. "Ẹ wà á. Táyà yín ti dáa."

Mo wà á. N kò lè sọ púpọ̀ nípa ọ̀nà yẹn. Mo mọ̀ pé sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ bo iwájú bí èéfín, tí mo sì ń ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà tí n kò ní tẹ́lẹ̀. Ó ń ka ìṣẹ́jú fún mi. Mẹ́jọ. Mẹ́fà. Lẹ́yìn náà kò ka nǹkan kan mọ́, mo sì tẹ iná dé ìsàlẹ̀. Ó sọ pé táyà náà ti dáa. Lẹ́yìn irọ́ tí mo pa fún un lọ́jọ́ yẹn, òun ló tún ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn kí oòrùn tó yẹ̀. Wọ́n gbé e wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, epo àti eruku wà lọ́wọ́ mi dé ìgúnwọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré nínú, n kò gbọ́ igbe ọmọ. Ọmọ náà kò ké nígbà tó jáde. Wọ́n fi rọ́bà kékeré kan fẹ́ èémí sí i nímú, fẹ́ẹ́fẹ́, títí ó fi ké. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wá bá mi kò sọ pé díẹ̀ ló kù. Ó kàn bi mí pé ibo ni a ti wá, mo sọ fún un, ó sì mi orí, ó padà wọlé.

Ọmọbìnrin ni. Ó kéré bí àdàbà. Ó yè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá onílé wá kí wa ní ilé ìwòsàn. Ó di fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó gbé àpò iṣu kan síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó kí ìyàwó mi, ó wo ọmọ, ó sure. Lẹ́yìn náà, ó jókòó.

Ó ní, "Mo rí iṣu mi ní Elegbeka. Mo mọ okùn mi. Obìnrin kan to ó síwájú àtíbàbà, ó ń tà á."

Kí n tó wá ọ̀rọ̀, ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, èmi ni. Ọkọ̀ ń gbọ̀n mí, mo ní kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà. Nígbà tí a dé ọ̀dà, táyà kò lè gbé wa mọ́. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n fi iṣu yín sílẹ̀ fún obìnrin tó fún wa ní afẹ́fẹ́. Kò fẹ́. Mo fi ipá mú un."

Bàbá yí ojú sí mi. "Àna, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo la ẹnu. Ìyàwó mi ń wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, bí ẹni tó ti dé ìdí ìṣirò kan tí kò fẹ́ kí n pa á rẹ́.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. "Tíṣà! O fi ogún iṣu mi ra afẹ́fẹ́! Afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run ń fún adìyẹ lọ́fẹ̀ẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní kó rọra. Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Arimogija, àwọn tíṣà sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀, ó sì wọ inú ilé wa, ó di tiwa.

Nígbà tí àgbàlagbà náà lọ, mo bi í pé kí ló dé tó fi gbé e lé orí ara rẹ̀.

Ó ní, "Bó bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tú u, kò tún ní gbà kí ẹ fi ọkọ̀ yẹn gbé mi jáde nílé rẹ̀. Èmi ṣì fẹ́ kí ẹ máa gbé mi." Ó tún ìbora ọmọ ṣe. "Ṣùgbọ́n ẹ má tún fi òǹkà purọ́ fún mi mọ́."

N kò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Owó oṣù mi, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, iye aago tí mo wọlé: bó bá ti bi mí, bó ṣe rí ni mo ń sọ ọ́. Ọdún tó kọjá, nígbà tí àìsàn rẹ̀ le, tí dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún mi iye oṣù tó kù fún ìyàwó mi láyé, ó ní kí n lo ọgbọ́n, pé àwọn aláìsàn mìíràn kì í fẹ́ mọ̀. Mo padà wọ yàrá. Ó yí orí sí mi lórí ìrọ̀rí.

"Mélòó ni wọ́n sọ?"

Ó wù mí kí n fi díẹ̀ kún un. Nọ́ọ̀sì wà nínú yàrá, ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú gbogbo wọn ń bẹ̀ mí pé kí n fi díẹ̀ kún un, kí ọ̀nà má gbọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Mẹ́ta."

Ó pa ojú dé, ó sì ṣí i. Ó ní, "Ẹ ṣé."

Ọmọ mi, nígbà tí o bá ka èyí, máa sọ ìtàn ìyá rẹ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ni mo tú afẹ́fẹ́ náà dànù. Méjìlá ló kù níbẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un pé mẹ́rìndínlógún ni.